Ta Ní Ń Dáná fún Wọn? Ẹ̀kọ́ Lórí Kíkọ Òfin Eré Ogun Orí Tábìlì ní Èdè Yorùbá

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo ṣe eré ogun kan. Mo gé páálí ńlá, mo ya àwòrán ilẹ̀ sí i, mo sì kó ìdérí ìgò jọ láti fi ṣe ọmọ ogun: pupa fún Ìbàdàn, àwọ̀ ewé fún Ìjàyè. Mo gbé e lọ sí abúlé ìyá àgbà mi ní Akínyẹlé. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ogún ìṣẹ́jú kò pé tí ogun fi parí. A tún un ta, ó tún parí. Ìgbà mẹ́rin la ta á lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Ìbàdàn sì borí, torí pé ìdérí ìgò pupa ló pọ̀ jù.

Ìyá àgbà ń bẹ pákí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n wò wá títí, wọ́n wá bèèrè pé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, àwọn ọmọ ogun yín yìí, ta ní ń dáná fún wọn?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wo òfin mọ́kànlá tí mo kọ, kò sí èyí tó lè dá wọn lóhùn. Mo ti kọ bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń yìnbọn, bí a ṣe ń ju dáìsì. N kò kọ ibi tí oúnjẹ ti ń wá.

Inú ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín ti wá. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Èkíní ni pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìjà kan sí èkejì ló ń mú kí eré jọ ogun: oko, ọ̀nà, ọjọ́ ọjà, àti àwọn èèyàn tí ogun kó. Èkejì ni pé bí a bá ṣe kọ gbólóhùn òfin náà ló máa sọ bóyá eré la máa ta ni, tàbí ẹjọ́ la máa rò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀.

Ìjà yàtọ̀ sí ogun

Eré ogun orí tábìlì ti pẹ́ láyé. Ní 1824, ọ̀gá sójà kan ní Prussia, Georg von Reisswitz, tẹ òfin eré Kriegsspiel jáde, àwọn sójà ibẹ̀ sì fi kọ́ bí a ṣe ń darí ọmọ ogun. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ Little Wars, ìwé òfin fún fífi sójà onírin kékeré ṣeré nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Donald Featherstone kọ War Games ní 1962. Ní 1973, Tony Bath kọ odidi ìwé kan lórí bí èèyàn ṣe lè so ọ̀pọ̀ ìjà pọ̀ di ogun kan ṣoṣo, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìjà òní á máa ran ìjà ọ̀la.

Ìyàtọ̀ tí Bath gbájú mọ́ yìí wà nínú èdè wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun méjì bá kojú ara wọn ní ọjọ́ kan, ìjà nìyẹn. Nígbà tí ìjà mẹ́wàá, ìdótì, ìyàn àti àdéhùn bá so pọ̀ mọ́ ara wọn fún ọdún méjì, ogun nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé "ogun Ìjàyè", tí a kì í sọ pé "ìjà Ìjàyè".

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. "Ogun" ní ìtumọ̀ mìíràn: a máa ń sọ pé "ogun Ìbàdàn ti dé odò", tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun là ń sọ. Bí òfin yín bá lo "ogun" fún méjèèjì, àríyànjiyàn máa ṣẹlẹ̀. Nínú òfin tèmi, "ogun" ni gbogbo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "ìjà" ni ìforígbárí ọjọ́ kan, "ọ̀wọ́" sì ni àwọn ọmọ ogun tí ìdérí ìgò kan dúró fún. Kí a tó kọ òfin kankan, kí a kọ́kọ́ yan ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan kan, kí a má sì yí i padà mọ́.

Ogun Ìjàyè gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Mo yan ogun Ìjàyè torí pé ilẹ̀ tí wọ́n ti jà á ni mo mọ̀. Ìjàyè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí, ọ̀nà tó ti Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ní 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà, Adélù tó jẹ́ Àrẹ̀mọ rẹ̀ sì gorí oyè. Àṣà tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin. Ìbàdàn dúró ti Adélù. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Balógun Ìbíkúnlé ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá sì ni Ọ̀tún Balógun. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́. Kúrunmí kú ní 1861, ìlú náà sì fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Púpọ̀ nínú àwọn tó sá àsálà gba Abẹ́òkúta lọ.

Ẹni tó bá ka ìtàn Samuel Johnson tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, tàbí ìwé tí J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith kọ ní 1964 lórí bí Yorùbá ṣe ń jagun, á rí i pé ìbọn nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun Ìjàyè. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn ni oúnjẹ ti ń wọlé fún wọn. Ìbàdàn gba àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹn, Ìwàwún wà lára wọn, oúnjẹ kò sì rí ibi gbà mọ́. Ìyàn mú débi pé àwọn òbí ń fi ọmọ sílẹ̀ nítorí oúnjẹ, àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní ìlú náà sì gba àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀.

Nítorí náà, eré tí Ìbàdàn ti borí nítorí pé ìdérí ìgò rẹ̀ pọ̀ jù, irọ́ ló ń pa mọ́ ogun yẹn. Ìbéèrè ìyá àgbà ti kan ìdí ọ̀rọ̀ kí n tó débẹ̀.

Òfin ọjọ́: ọ̀rún kan, ìgbésẹ̀ kan

Ogun gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n ọjọ́. Mo lo ọ̀rún, torí pé ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà abúlé wa. Ní ọ̀rún kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á gbé ọ̀wọ́ rẹ̀ rìn lẹ́ẹ̀kan, á kórè oko lẹ́ẹ̀kan, á sì bọ́ ọmọ ogun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rún méjìlá ni gbogbo ogun.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbí. Mo kọ ọ́ pé àwọn Ẹ̀gbá máa dé "lẹ́yìn ọ̀rún mẹ́ta". Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta Ìjàyè ka ọ̀rún tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Àbúrò mi tó ń ta Ìbàdàn kò kà á mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ló jàre. Bí a bá ná ọjà lọ́jọ́ Ajé, tí a tún máa ná an lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà ṣírò á sọ pé ọjọ́ mẹ́rin ló kọjá. Yorùbá á ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí a parí, á sì pè é ní márùn-ún. Èyí ló fà á tí ọjà náà fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wa ní ìṣírò kejì, ti àkọ́kọ́ kò sì tíì kúrò lẹ́nu wa. Méjèèjì wà nínú orí wa pọ̀.

Mo yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ oníipò: "Àwọn Ẹ̀gbá máa dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rún kẹta." Kò sí ẹni tó lè ka "kẹta" sí ìkẹrin. Nínú òfin eré, ẹ má sọ iye ọjọ́ tó máa kọjá. Ẹ sọ ọjọ́ tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀.

Òfin oúnjẹ: ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta

Ọpọ́n ayò wà nílé. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò méjìlá. Mo sọ wọ́n di oúnjẹ. Kò sí oúnjẹ mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ eré náà: bí ọmọ ayò bá tán nínú àpò, ìkórè tán nìyẹn.

Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ́ 8, Ìjàyè pẹ̀lú 6. Ẹ̀gbá máa mú 2 wá fún Ìjàyè ní ọ̀rún kẹta. Oníkálukú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ayò 14. Ní ọ̀rún kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa jẹ ọmọ ayò 1. Báyìí ni oúnjẹ ṣe ń wọlé:

- Oko etílé: ọmọ ayò 2, bí ọ̀wọ́ 1 bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.
- Oko ẹgàn: ọmọ ayò 4, bí ọ̀wọ́ 2 bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ọ̀nà sì ṣí.
- Òkè-Ògùn: ọmọ ayò 3 fún Ìjàyè, bí Ìwàwún kò bá tíì bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn.
- Àwọn ìlú tí àjẹlẹ̀ Ìbàdàn wà: ọmọ ayò 4 fún Ìbàdàn.

Ọ̀wọ́ tó bá wà lóko kò sí lójú ogun. Ibi tí agbára òfin yìí wà nìyẹn. Ẹni tó bá kó gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí ìjà, ebi á pa á. Ẹni tó bá fi gbogbo wọn sóko, ọ̀tá á wọlé bá a. Ọ̀wọ́ tí kò bá jẹun, a máa dojú ìdérí rẹ̀ bolẹ̀, kò sì ní lè jà. Bí kò bá tún jẹun ní ọ̀rún tó tẹ̀ lé e, ó túká, kò tún padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ta á lọ́jọ́ kejì. Ìjàyè fi ọ̀wọ́ 3 sóko. Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ṣí, nítorí náà ọmọ ayò 9 ń wọlé ní ọ̀rún kọ̀ọ̀kan, 6 sì ń lọ. Ní ọ̀rún kẹta, Ẹ̀gbá dé, ẹnu tó ń jẹun di 8. Títí di òpin ọ̀rún kẹrin, Ìjàyè ní 22 nínú àká, ẹ̀gbọ́n mi sì ń yangàn. Ní ọ̀rún karùn-ún, Ìbàdàn gba Ìwàwún. 6 ló wọlé, 8 ló lọ, ó ku 20. Ní ọ̀rún kẹfà, oko ẹgàn tún bọ́. 2 ló wọlé, 8 ló lọ, ó ku 14. Ọ̀rún keje, 8. Ọ̀rún kẹjọ, 2. Ní ọ̀rún kẹsàn-án, ọmọ ayò 4 péré ló wà fún ẹnu mẹ́jọ. Ìdérí mẹ́rin dojú bolẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ju dáìsì. Ẹ̀gbọ́n mi wo tábìlì, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ìjà kan kò tíì ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Ìjàyè.

Gbólóhùn mẹ́rin tó dá ìjà sílẹ̀

Mo kọ gbogbo àríyànjiyàn ọjọ́ méjì náà sílẹ̀. Nígbà tí mo tò wọ́n, mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ gbólóhùn pọ́nna, irú èyí tí a ti ń ṣe ìdánwò lórí rẹ̀ láti ọdún kejì.

Èkíní: "Kí a fún àwọn ológun ní ọmọ ayò mẹ́ta." Ṣé mẹ́ta ni gbogbo wọn máa pín ni, tàbí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gba mẹ́ta? Èdè wa ní ohun èlò fún èyí, ìyẹn àpètúnpè. "Mẹ́ta" ni iye lásán. "Mẹ́ta mẹ́ta" ni iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta" ni gbogbo mẹ́ta tí a ti dárúkọ tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èdè, ó máa gba àfikún gbólóhùn kí wọ́n tó lè ya ìtumọ̀ mẹ́ta yìí sọ́tọ̀. Tiwa ti wà nínú ọ̀rọ̀ oǹkà fúnra rẹ̀. Ẹ lò ó.

Èkejì: "Bí ọ̀wọ́ kan bá lé ọ̀wọ́ mìíràn, kí ó padà sí bùdó rẹ̀." Ta ni "ó"? Bùdó ta ni "bùdó rẹ̀"? Àbúrò mi ní ọ̀wọ́ tó léni ló máa padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní èyí tí wọ́n lé ni. Arọ́pò orúkọ méjì nínú gbólóhùn kan, tí ẹni méjì sì wà nínú rẹ̀, ó di ọ̀nà mẹ́rin. Mo yí i padà báyìí: "Ọ̀wọ́ tí a bá lé máa padà sí bùdó ìlú tó ni ọ̀wọ́ náà." Kò dùn létí bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún jiyàn lé e lórí. Nínú òfin, ẹ tún orúkọ pè.

Ẹ̀kẹta: "Gbogbo ọ̀wọ́ tó wà ní bùdó kò jẹun." Ìyísódì àti "gbogbo" kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Ẹnì kan lè gbọ́ ọ pé ìkankan nínú wọn kò jẹun, ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ pé àwọn kan jẹ, àwọn kan kò jẹ. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ kọ "kò sí ọ̀wọ́ kankan tó jẹun". Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, ẹ kọ "kì í ṣe gbogbo ọ̀wọ́ ló jẹun".

Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù, torí èmi ni mo fà á. Mo fẹ́ sọ pé àwọn tó wà lóko lè jà bí wọ́n bá fẹ́, a kò fi dandan mú wọn. Mo wá kọ ọ́ pé: "Ọ̀wọ́ tó wà lóko kò gbọdọ̀ jà." Nígbà tí Ìbàdàn dé oko ẹgàn Ìjàyè, àbúrò mi ka òfin náà sókè, ó sì fi ìka gbá ìdérí ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì kúrò láìju dáìsì. Àwọn àgbẹ̀ dúró, wọ́n ń wò ó. Òfin ti dè wọ́n lọ́wọ́. "Gbọ́dọ̀" ń fi dandan hàn, ṣùgbọ́n bí a bá fi "kò" ṣáájú rẹ̀, ó di èèwọ̀. Kì í di òmìnira. Ẹni tó bá fẹ́ mú dandan kúrò gbọ́dọ̀ lo "kò pọn dandan kí". Báyìí ni òfin náà ṣe rí nísinsìnyí: "Kò pọn dandan kí ọ̀wọ́ tó wà lóko jà. Bí ó bá jà, kò ní kórè ní ọ̀rún yẹn."

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ gbólóhùn pọ́nna kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ òfin náà ní ìwé yín, kí ó ta eré náà níwájú yín, ẹ̀yin sì dákẹ́. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ lanu ṣàlàyé, ibẹ̀ ni òfin yín ti kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn tí a kó

Èyí ni apá tí n kò mọ̀ bóyá kí n kọ.

Nínú òfin mi àkọ́kọ́, bí oko tàbí ìlú kan bá bọ́, ẹni tó gbà á máa kó àwọn agbo ilé ibẹ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ máàkì kan. Ní òpin eré, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Lọ́jọ́ kejì yẹn, àbúrò mi ń ka tirẹ̀ sókè: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ìyá àgbà bèèrè ohun tó ń kà. Ó ní, "Ẹrú ni, Màmá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá tó bí ìyá ìyá mi wà nínú àwọn tí ò ń kà yẹn."

Wọ́n kó o wá sí ilẹ̀ yìí ní kékeré. Wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn. Kò sí ẹni tó mọ ìlú tí wọ́n ti mú un wá, orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò sì kù lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo ti ń wá sí abúlé yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n yọ òfin náà kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, eré náà á tún purọ́ mìíràn. Àwọn olóyè ogun Ìbàdàn kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n fi wọ́n ṣiṣẹ́ lóko, wọ́n sì sọ àwọn mìíràn di ọmọ ogun. Apá kan nínú oúnjẹ tó bọ́ ogun náà, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Òfin tí kò bá dárúkọ wọn ti tún wọn kó lẹ́ẹ̀kejì.

Báyìí ni òfin náà ṣe wà nísinsìnyí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú máa kọ orúkọ agbo ilé mẹ́fà mẹ́fà sórí bébà kékeré, orúkọ èèyàn mẹ́ta mẹ́ta sì wà nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ibùgbé wọn bá bọ́, bébà náà lọ sọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ó sì máa fi ọmọ ayò 1 kún ìkórè rẹ̀ ní ọ̀rún kọ̀ọ̀kan. Kò ní máàkì kankan. Nígbà tí eré bá parí, kí a tó sọ ẹni tó borí, ẹni tí bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka gbogbo orúkọ náà sókè, kí ó sì dá bébà padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Ìgbà tí a kọ́kọ́ fi òfin yìí ta eré, àbúrò mi ka àwọn orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè. Ó yára ka àwọn tó ṣáájú. Kò yára ka àwọn tó gbẹ̀yìn.

Òfin tí ìyá àgbà fi kún un

Nígbà tí a fẹ́ ta á lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá àgbà ní òfin ọ̀nà mi kò tọ́. Mo ti kọ ọ́ pé bí ọ̀tá bá wà lójú ọ̀nà, oúnjẹ kankan kò ní kọjá. Wọ́n ní, "Ẹ ti ọ̀nà. Ṣé ẹ ti igbó ni?" Wọ́n ní obìnrin tó mọ iṣẹ́ alájàpá kì í jókòó sílé nítorí pé àwọn ọkùnrin ń jà.

A fi òfin alájàpá kún un. Bí ọ̀nà bá dí, ẹni tí ebi ń pa lè rán alájàpá kan ní ọ̀rún kọ̀ọ̀kan, kí ó ju dáìsì. Bí ó bá jẹ́ 5 tàbí 6, ọmọ ayò 2 wọlé. Bí ó bá jẹ́ 2, 3 tàbí 4, ó padà lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá jẹ́ 1, wọ́n mú un lọ́nà, ọmọ ayò 2 náà sì di ti ọ̀tá. Ìjàyè kò borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó di ọ̀rún kọkànlá kí ó tó fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún gbogbo ará abúlé pé òun dúró pẹ́ ju Kúrunmí lọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀

Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ogun Ìjàyè. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà ní Àgbẹ́kọ̀yà 1968 sí 1969 nítòsí yín. Akànrán ní Ọ̀nà-Àrà wà lára àwọn ojúkò rẹ̀, owó orí ni ó sì dá a sílẹ̀. Nínú eré bẹ́ẹ̀, ọmọ ayò lè jẹ́ owó kòkó, ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ sì lè jẹ́ iye abúlé tó máa dúró pọ̀ nígbà tí agbowó-orí bá dé.

Ogun yòówù kí ẹ yàn, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí. Ẹ wá ohun tó pinnu ogun náà gan-an nínú ìtàn, kí ẹ sì fi òfin àkọ́kọ́ yín sí ibẹ̀. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan kan. Ẹ ka ọjọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ oníipò. Ẹ fi àpètúnpè ya iye sọ́tọ̀. Ẹ tún orúkọ pè dípò arọ́pò orúkọ. Ẹ ya "kò gbọdọ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "kò pọn dandan". Ẹ ta eré náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì máa yí òfin kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ ta á níbi tí àgbàlagbà kan ti lè rí yín. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè tí òfin yín kò lè dáhùn, ẹ má rẹ́rìn-ín bíi tiwa. Ẹ mú bíírò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.